OMI TÓ MỌ́ GAARA, MÁJÈLÉ TÓ FARA SIN: Ọ̀RỌ̀ ÁSẸ́NÍÌKÌ NÍNÚ OMI ABẸ́ ILẸ̀ BANGLADESH

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ohun tí òwe yìí ń wí ni pé kò sí ẹni tó lè bá omi ṣọ̀tá kí ó sì gbádùn: òun ni à ń mu, òun ni à fi ń wẹ̀, òun ni à fi ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohunkóhun fún wa nípa omi tí òun fúnra rẹ̀ bá ń bá ẹni tí ń mu ún ṣọ̀tá. Irú omi bẹ́ẹ̀ wà. Ó mọ́ gaara, kò rùn, kò korò, kò kan, ó tutù lọ́fun. Ẹni tí ń mu ún lè tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kí ó tó rí àmì kankan lára. Kò sí ibi tí irú omi yìí ti kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bí ó ti kàn wọ́n ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni a sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ májèlé náà ni ásẹ́níìkì. A fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí gbogbo ayé ti ń pè é, a kàn kọ ọ́ lọ́nà tí ahọ́n wa yóò fi lè gbé e ni. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí á máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ohun gbogbo. Àwa kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ibi tí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni a kò gbọdọ̀ ti lọ yá ti ẹlòmíràn: àbàtà, akùrọ̀, ọ̀gọ̀dọ̀, kànga, ìpáàrà, imí ọjọ́. Kò sí èyí tí kò ní í wúlò fún wa níwájú nínú wọn.

ILẸ̀ TÍ ODÒ KỌ́

Odò ńlá mẹ́ta ni ó pàdé ní Bangladesh kí wọ́n tó wọ òkun: Ganges, Brahmaputra àti Meghna. Láti orí àwọn òkè Himalaya ni púpọ̀ nínú omi wọn ti ń ṣàn bọ̀, wọ́n sì ń ru yanrìn àti ẹrẹ̀ lọ́wọ́ bọ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ilẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbé, tí wọ́n ń dáko ìrẹsì lé lórí, ẹrù tí odò sọ̀ kalẹ̀ ni.

Nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ ní àríwá ayé, omi òkun lọ sílẹ̀ ju bí ó ti wà lónìí lọ ní ohun tó lé ní 100 mítà. Àwọn odò wọ̀nyí wá gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí wọ́n tó lè bá òkun. Nígbà tí yìnyín yọ́ tí òkun sì padà gòkè, odò bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn àti ẹrẹ̀ tuntun dí àwọn àfonífojì náà. Ibẹ̀ di àbàtà àti akùrọ̀. Ewé, gbòǹgbò àti igi ń wó sínú omi, wọ́n ń jẹrà, ẹrẹ̀ mìíràn sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ lónìí, yóò bá ìpele dúdú kan pàdé níbòmíràn, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe àbàtà àtijọ́ tí a sin láàyè. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ewé jíjẹrà yìí sọ́kàn.

KÀNGA ONÍPÁÌPÙ

Kí ó tó di nǹkan bí 1970, omi ọ̀gọ̀dọ̀, omi odò àti omi kànga àfọwọ́gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ará abúlé ń mu. Onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọdé bí ẹni ń já ewé. Lẹ́yìn tí Bangladesh gba òmìnira ní 1971, ìjọba ibẹ̀ àti àjọ UNICEF tẹra mọ́ gbígbẹ́ kànga onípáìpù. Iṣẹ́ náà kò le: a ó ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlẹ̀ títí yóò fi bá yanrìn tó lómi, a ó sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ lé e lórí. Iye owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tí ń gbẹ́ ẹ sì ń fi igi oparun àti ọwọ́ lásán ṣe é. Kò pẹ́ tí baálé ilé kọ̀ọ̀kan fi ń gbẹ́ tirẹ̀ sí àgbàlá. Nígbà tí yóò fi di òpin ọ̀rúndún tó kọjá, kànga wọ̀nyí ti di ọ̀kẹ́ àìmọye, èyí tí àwọn aráàlú fi owó ara wọn gbẹ́ sì pọ̀ jìnnà ju ti ìjọba lọ.

Àwọn kan wà lónìí tí ń sọ pé àṣìṣe gbáà ni kànga wọ̀nyí. Èrò tiwa kò bá tiwọn lọ. Omi tí kò ní kòkòrò àìfojúrí nínú kì í ṣe ohun kékeré fún ìyá ọlọ́mọ tí ọ̀gọ̀dọ̀ ni ìrètí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n yẹ omi náà wò fún kòkòrò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún iyọ̀ àti irin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ásẹ́níìkì.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ RÍ I

Ní ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn síta. Ní 1983, oníṣègùn awọ ara kan, Dókítà K. C. Saha, ń rí àwọn aláìsàn láti àwọn abúlé West Bengal, ìpínlẹ̀ Íńdíà tó bá Bangladesh pààlà. Àmì dúdú àti funfun ń tò sí wọn lára bí ẹni pé òjò kán sí erùpẹ̀; àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn le, ó sì so kókó. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, bí ọ̀pọ̀ aládùúgbò ti rò. Saha tọ ipa rẹ̀ dé ìdí kànga. Láti 1988 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dipankar Chakraborti ti Yunifásítì Jadavpur ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé, tí ó ń gba omi, irun orí àti èékánná àwọn ènìyàn fún àyẹ̀wò, tí ó sì ń pariwo. Odò kan náà ni ó kó ilẹ̀ ìhà méjèèjì jọ, síbẹ̀ 1993 ni a tó rí ásẹ́níìkì nínú omi kànga Bangladesh fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Chapai Nawabganj lẹ́bàá ààlà. Ọdún mẹ́wàá gbáko.

Nínú ọdún mẹ́wàá yẹn ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti British Geological Survey, yẹ omi nǹkan bí 150 kànga wò ní Bangladesh, tí wọ́n sì kọ ìròyìn wọn jáde ní 1992. Èròjà tí wọ́n wá nínú omi náà pọ̀, ṣùgbọ́n ásẹ́níìkì kò sí lára wọn. Ará Bangladesh kan tí omi náà bà lára jẹ́ pe ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹjọ́ náà dé House of Lords, tí í ṣe ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì dá a ní 2006 pé àwọn onímọ̀ náà kò jẹ ẹ ní gbèsè: wọn kì í ṣe àwọn tí ìtọ́jú omi orílẹ̀-èdè náà wà ní ìkáwọ́ wọn, wọn kò sì sọ pé omi náà kò ní ásẹ́níìkì. Bí òfin ti rí nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá ka ìdájọ́ náà yóò rí i pé ohun tí a kò wá kò lè wọ inú ìwé wa, ẹni tó sì ka ìwé náà yóò rò pé kò sí níbẹ̀ ni.

Àyẹ̀wò ńlá tí àjọ yìí kan náà bá ìjọba Bangladesh ṣe, tí a tẹ̀ jáde ní 2001, ni ó fi bí ọ̀ràn náà ti tó hàn. Kànga 3,534 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú àwọn tí kò jìn tó 150 mítà, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni ásẹ́níìkì inú wọn ju 50 máíkírógíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Iye yìí ni òfin Bangladesh fi ṣe ààlà. 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe tirẹ̀ láti 1993. Kí a lè mọ bí ó ti kéré tó: 50 máíkírógíráàmù nínú lítà kan dà bí ìgbà tí a bá po gíráàmù 50 mọ́ omi mílíọ̀nù lítà kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 35 ni ó ń mu omi tó kọjá ààlà Bangladesh, mílíọ̀nù 57 sì ń mu èyí tó kọjá ààlà ti àgbáyé. Allan Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ ní 2000 nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kò tí ì sí ibi tí májèlé ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí nínú ìtàn.

TA NI Ó TÚ U SÍLẸ̀?

Kò sí ilé iṣẹ́ tó da májèlé yìí sílẹ̀. Láti ara òkúta àwọn òkè ni ó ti wá. Bí òkúta ti ń fọ́ ni irin inú rẹ̀ ń dípẹtà, ìpáàrà náà sì ń bo hóró yanrìn kọ̀ọ̀kan bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Ìpáàrà fẹ́ràn ásẹ́níìkì. Ó máa ń dì í mú ṣinṣin. Bí ó bá dì í mú títí ayé, kò séwu. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni: kí ló jẹ́ kí ó jù ú sílẹ̀?

Èrò méjì ni ó kọ́kọ́ jà. Àwọn kan sọ pé omi tí à ń fà fún oko ìrẹsì ni ó mú kí omi ilẹ̀ lọ sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ fi wọlé bá òkúta kan tó ní irin àti imí ọjọ́ nínú, tí òkúta náà sì tú. Àwọn kejì sọ pé ìdàkejì ni: àìsí afẹ́fẹ́ ni ó tú u. Ross Nickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èrò kejì yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1998. Ẹ wo bí a ṣe lè mọ èyí tó tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó tú òkúta onímí ọjọ́ náà, ó yẹ kí á bá èròjà imí ọjọ́ púpọ̀ nínú omi tó ní ásẹ́níìkì. Ohun tí wọ́n bá kò jọ bẹ́ẹ̀: imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sí ọ́síjìn, irin tó ti yọ́ sínú omi ni ó pọ̀. Èrò kìn-ín-ní kò lè dúró lórí irú ẹ̀rí báyìí.

Ṣùgbọ́n ìpáàrà kì í kàn án dédé yọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá kékeré ti wọlé. Àwa ènìyàn ń mí ọ́síjìn nítorí pé oúnjẹ tí a jẹ ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ó sì gbọdọ̀ ní ẹni tí yóò gbà á níkẹyìn. Ọ́síjìn ni ẹni náà. Nínú àbàtà tí a sin, ọ́síjìn ti tán. Àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ ń jẹ ewé jíjẹrà, wọ́n sì ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn fún ìpáàrà. A lè sọ pé irin ni wọ́n ń mí. Ìpáàrà tó bá ti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù báyìí kò lè dúró bí ìpáàrà mọ́. Yíyọ́ ni yóò yọ́ sínú omi, ásẹ́níìkì ọwọ́ rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Ní 2004, Farhana Islam, Jonathan Lloyd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Manchester gbé ẹrẹ̀ West Bengal sínú ìgò tí kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀, wọ́n fi oúnjẹ díẹ̀ fún àwọn bakitéríà ibẹ̀, wọ́n sì ń wò ó. Irin ni ó kọ́kọ́ yí padà, ásẹ́níìkì sì tẹ̀ lé e jáde. Àwọn bakitéríà kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ásẹ́níìkì gan-an ni wọ́n ń mí.

Níbo ni oúnjẹ wọn ti ń wá? Àríyànjiyàn yìí kò tí ì parí. John McArthur ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbà pé àbàtà àtijọ́ tí a sin ni. Charles Harvey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti MIT ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí ọ̀gọ̀dọ̀ tí àwọn ará Bangladesh ń gbẹ́ kí wọ́n lè rí erùpẹ̀ gbé ilé wọn ga ju àgbàrá lọ. Omi ìdí ọ̀gọ̀dọ̀ ń jò wọlẹ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn bakitéríà. Ní 2008, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford fi hàn pé ní ìsàlẹ̀ odò Mekong ní Cambodia, níbi tí a kò tí ì máa fa omi púpọ̀, inú ẹrẹ̀ àbàtà tó wà nítòsí ojú ilẹ̀ ni ásẹ́níìkì ti ń tú, tí omi sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Lójú tiwa, kò pọn dandan kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn jàre; ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí lè ní ju ọ̀nà kan lọ.

Ohun tó tún dáni lójú ni bí kànga ti ń yàtọ̀ sí kànga. Ní Araihazar, níbi tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Columbia ti yẹ nǹkan bí 6,000 kànga wò láàárín ilẹ̀ tí kò ju 25 kìlómítà níbùú lóròó lọ, kànga ẹnì kan lè léwu kí ti aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sì dára. Àwọn tí ń gbẹ́ kànga ti mọ ìdí rẹ̀ díẹ̀ láìka ìwé: yanrìn eérú tó ti pàdánù ìpáàrà ara rẹ̀ ni omi rẹ̀ sábà máa ń léwu, yanrìn pupa rúsúrúsú, tí ìpáàrà ṣì wà lára rẹ̀, ni omi rẹ̀ sábà máa ń dára.

NÍNÚ SẸ́Ẹ̀LÌ

Ẹ jẹ́ kí á wá tẹ̀ lé májèlé yìí wọnú ara. Nínú àtẹ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi to gbogbo èròjà, abẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gẹ́lẹ́ ni ásẹ́níìkì wà. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n sì jọra púpọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í ṣe àlejò nínú sẹ́ẹ̀lì: ó wà lára DNA, ó wà lára ATP tí í ṣe owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì ní ẹnu ọ̀nà tí fọ́síféètì ń gbà wọlé. Ásẹ́néètì, oríṣi ásẹ́níìkì kan, a gba ẹnu ọ̀nà yìí kan náà wọlé bí ẹni wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ gba owó oṣù. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fi ṣe owó, owó náà a tú ká lójú ẹsẹ̀: iṣẹ́ ti ṣe, èrè kò sí.

Oríṣi kejì, ásẹ́náìtì, le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà. Peter Agre ará Amẹ́ríkà ni ó ṣàlàyé ihò tóóró tí omi ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ yìí ni ó sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Àwọn ihò kan wà nínú ẹbí yìí tí ó fi ààyè gba gílísérọ́ọ̀lù pẹ̀lú omi, àwọn ni ásẹ́náìtì ń bá wọlé. Tí ó bá ti wọlé, imí ọjọ́ ni ó ń wá. Ọ̀pọ̀ purotéènì ní imí ọjọ́ níbi tí wọ́n fi ń di iṣẹ́ mú. Ásẹ́náìtì a so mọ́ ọn, kò sì ní í jẹ́ kí purotéènì náà lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, Rudolph Peters àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford lo òye yìí láti ṣe oògùn fún gáàsì ogun tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀: wọ́n ṣe èròjà tó ní imí ọjọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ásẹ́níìkì lè fi purotéènì sílẹ̀ kí ó sì dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n oògùn fún ẹni tó gbé májèlé mì lónìí yàtọ̀ sí oògùn fún ẹni tí ń mu ún díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún.

Ara kò káwọ́ gbera o. Nínú ẹ̀dọ̀ ni ẹ́nsáìmù kan wà, AS3MT, tí ń lẹ èròjà kékeré kan mọ́ ásẹ́níìkì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kí ìtọ̀ lè gbé e jáde. Tí iṣẹ́ náà bá dúró sí ẹ̀ẹ̀kan, ohun tó jáde lè léwu ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àfi tí ó bá parí ẹ̀ẹ̀kejì. Ará tí ń jẹun dáadáa, tí fólíìkì ásíìdì inú ewébẹ̀ sì tó o, ń parí rẹ̀ ju ẹni tí kò rí jẹ lọ. Ìwádìí tí àwọn ará Columbia ṣe ní Bangladesh, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 àti 2007, fi hàn pé fífún àwọn tí fólíìkì ásíìdì wọn kò tó ní èròjà náà ń dín ásẹ́níìkì inú ẹ̀jẹ̀ wọn kù. Ní San Antonio de los Cobres, lórí òkè Andes ní Argentina, níbi tí omi ti ní ásẹ́níìkì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, a rí i ní 2015 pé irú AS3MT tó ń ṣiṣẹ́ yanjú ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ará ibẹ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn tí omi náà kò tètè pa ni ó bímọ. Ìran kan tàbí méjì péré ni ti Bangladesh.

Láti 2000 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000 ní Araihazar. Àbọ̀ ìwádìí náà tó jáde nínú Lancet ní 2010 sọ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún lára àwọn tó kú láàárín wọn ni a lè ka ikú rẹ̀ sí omi tí ásẹ́níìkì rẹ̀ ju 10 máíkírógíráàmù lọ. Kì í ṣe àmì ara nìkan ni. Jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀ wà níbẹ̀, àrùn ọkàn náà wà níbẹ̀.

Ọ̀DÀ PUPA, Ọ̀DÀ TÚTÙ

Síse omi kò ràn án. Omi ni yóò gbẹ, ásẹ́níìkì yóò ṣẹ́ kù. Ohun tí Bangladesh kọ́kọ́ ṣe rọrùn: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí wọ́n yẹ kànga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 wò, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ẹnu pọ́ǹpù tó léwu, wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun èyí tó dára. Nítorí pé kànga ń yàtọ̀ sí kànga, ọ̀pọ̀ ìdílé kàn yí sí kànga aládùúgbò ni. Èyí kò rọrùn bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu. Obìnrin tó ní pọ́ǹpù lágbàlá tirẹ̀ yóò wá máa tọrọ omi lágbàlá onílé mìíràn lójoojúmọ́.

Abul Hussam, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Bangladesh tí ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, ṣe asẹ́ kan tó ń jẹ́ Sono, tí ó fi gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là ní 2007. Garawa, yanrìn, èédú, bíríkì fífọ́ àti irin ni ó fi ṣe é. Irin náà ń dípẹtà, ìpáàrà rẹ̀ a sì gba ásẹ́níìkì padà mú, gẹ́gẹ́ bí ó ti mú un lára yanrìn tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kànga tó jìn ju 150 mítà lọ, tí ó dé ìpele ilẹ̀ tó ti wà kí odò tó kó ẹrẹ̀ tuntun dé. Omi ibẹ̀ sábà máa ń dára. Ìjọba gbẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2016, àjọ Human Rights Watch kọ ìròyìn pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 20 ṣì ń mu omi tó kọjá ààlà, àti pé àwọn olóṣèlú ń darí kànga jíjìn sí àgbàlá àwọn èèyàn wọn dípò ibi tí ásẹ́níìkì ti pọ̀.

Ọ̀dà tí wọ́n kùn sí ẹnu pọ́ǹpù nígbà náà ti ṣí lára púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ kànga tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò náà ni kò tilẹ̀ ní ọ̀dà rárá.